Bí Wọ́n Ṣe Mọ̀ Pé Ewéko Ilẹ̀ Òtútù Ń Yí Padà

Ẹ rọra kà á. Bí ibì kan bá le, ẹ tún un kà, kí ẹ sì bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

ÌJIYÀN TÍ KÌ Í TÁN

Àgbà méjì jókòó lábẹ́ igi. Ọ̀kan ní, "Òjò ayé òde òní kò rí bíi ti ìgbà èwe wa mọ́." Èkejì ní, "Rárá o, bákan náà ló ṣe máa ń rí." Ta ni yóò dájọ́ fún wọn? Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ ènìyàn kì í tọ́jú nǹkan bí àká ṣe ń tọ́jú àgbàdo. Ọdún tí omi ya wọ ilé àti ọdún tí ọ̀dá dá ni ọkàn máa ń rántí. Àwọn ọdún yòókù a máa bọ́ sọnù. Bí ayé bá wá ń yí padà díẹ̀díẹ̀, bí òjìji ṣe ń sún lẹ́yìn ilé, ẹni tó jókòó tì í kò ní mọ̀ pé ó ń sún.

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí àwọn tí wọ́n bá irú ìbéèrè yìí pàdé ní ilẹ̀ tó jìnnà sí tiwa gan-an. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ewéko ibẹ̀ ń yí padà lóòótọ́, àti bóyá ooru ló fà á. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é.

IRÚ ILẸ̀ WO NI?

Ayé wa rí roboto bí ọsàn. Ibi tí àwa ń gbé sún mọ́ àárín rẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń mú. Ṣùgbọ́n ayé ní ìpẹ̀kun méjì, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù. Ti àríwá ni wọ́n ń pè ní Àkítíìkì. Apá kan ilẹ̀ Kánádà, Rọ́ṣíà, Nọ́wè àti Súwídìn wà níbẹ̀, àti Alaska tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, àti erékùṣù ńlá kan tó ń jẹ́ Greenland. Ti gúúsù ni wọ́n ń pè ní Àǹtákítíìkà.

Ní àwọn ibi wọ̀nyí, òtútù ọyẹ́ tiwa kò já mọ́ nǹkan kan. Omi odò a dì gbagidi, ènìyàn a sì máa rìn lórí rẹ̀. Òjò ibẹ̀ a máa dì lójú ọ̀run, a sì máa já bọ́ ní funfun bí òwú. Òun ni a óò máa pè ní yìnyín. Ní ìgbà òtútù, oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní ìgbà ooru, oòrùn kan náà kì í wọ̀, tọ̀sán tòru ni ó ń ràn.

Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ọkọ́ kò ní pẹ́ kan ibi tó le bí òkúta. Ilẹ̀ dídì ni. Òkè rẹ̀ nìkan ló ń yọ́ ní ìgbà ooru, inú ìwọ̀nba yẹ̀pẹ̀ yìí ni ewéko ti ń ta gbòǹgbò. Ìgbà ooru wọn kò sì ju oṣù méjì tàbí mẹ́ta lọ. Láàrin rẹ̀, ewéko gbọ́dọ̀ rúwé, kó yọ òdòdó, kó sì so kí òtútù tó padà dé.

Igi ńlá kì í hù ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igi kan wà tó ń jẹ́ wílò. Níbi tó móoru díẹ̀, ó lè ga bí ilé. Ní Àkítíìkì, irú rẹ̀ kan wà tó ń rá mọ́ ilẹ̀. Ó lè dàgbà ju ènìyàn lọ ní ọjọ́ orí, síbẹ̀ kó má ga dé orúnkún. Ewéko rírọ̀ kan tún wà tó jọ èyí tí ń hù sára ògiri ọ̀rinrin ní ìgbà òjò. A óò pè é ní ewé-ògiri. Ohun mìíràn wà tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ àti òkúta bí èépá, tó ní àwọ̀ eérú. A óò pè é ní èépá-òkúta.

Ẹ má fojú kéré èépá-òkúta yìí. Nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀, òun ni oúnjẹ àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù. Àwọn kan wà ní àríwá Nọ́wè, Súwídìn, Finland àti Rọ́ṣíà tí wọ́n ń jẹ́ Sámi. Bí àwọn Fúlàní ṣe ń da màlúù níhìn-ín ni àwọn kan nínú wọn ṣe ń da àgbọ̀nrín yìí. Ẹran rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ẹran rẹ̀ náà ni wọ́n ń tà. Bí ewéko ibẹ̀ bá yí padà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òdòdó lásán.

KÍ LÓ Ń MÚ ILẸ̀ NÁÀ MÓORU?

Gáàsì kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní gáàsì kábọ́nì. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. A ń mí in jáde nímú. Ó sì ń jáde níbikíbi tí igi, èédú tàbí epo mọ́tò bá ti ń jó. Gáàsì yìí dà bí aṣọ ìbora fún ayé. Ó ń jẹ́ kí ooru oòrùn wọlé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jáde padà. Bí ó bá wà níwọ̀n, ó dára. Bí ó bá pọ̀ jù, ìbora ti nípọn jù nìyẹn.

Ní ọdún 1896, ọmọ Súwídìn kan tó ń jẹ́ Svante Arrhenius fi ìṣirò hàn pé bí gáàsì yìí bá pọ̀ sí i, ayé yóò móoru sí i. Ní ọdún 1958, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n lórí òkè kan ní erékùṣù Hawaii. Nígbà náà, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 315 ni ti gáàsì kábọ́nì. Lónìí, ó ti kọjá 420.

Gbogbo ayé ló ń móoru, ṣùgbọ́n Àkítíìkì ń móoru ju ibòmíràn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn mọ̀ pé aṣọ dúdú ń fa ooru ju aṣọ funfun lọ. Yìnyín ni aṣọ funfun ilẹ̀ náà. Bí ó bá yọ́, ilẹ̀ àti omi tó dúdú á yọjú, wọ́n á sì máa fa ooru mu. Ooru yẹn á tún yọ́ yìnyín mìíràn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé láti ọdún 1979, Àkítíìkì ti ń móoru ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti gbogbo ayé.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ lè wọn ooru. Ṣùgbọ́n ewéko ńkọ́? Báwo ni a ṣe ń bi ewéko léèrè?

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Ní ọdún 1732, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 25 kan tó ń jẹ́ Carl Linnaeus jáde nílé ní Súwídìn, ó sì kọrí sí àríwá, sí ilẹ̀ àwọn Sámi. Ẹṣin ló gùn, ẹsẹ̀ ló tún fi rìn. Ó rìn fún oṣù mélòó kan. Ewéko tó bá rí, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó kọ ibi tó ti rí i, ó kọ bí ó ṣe rí, ó sì kọ nípa àwọn Sámi àti àgbọ̀nrín wọn. Ní ọdún 1737, ó tẹ ìwé kan jáde nípa ewéko ilẹ̀ náà.

Linnaeus kò mọ nǹkan kan nípa ayé tó ń móoru. Ó kàn fẹ́ mọ ewéko ni. Ṣùgbọ́n irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí àmì tí a fi sára ògiri láti fi mọ bí ọmọ ṣe ń ga. Bí kò bá sí àmì àkọ́kọ́, àmì kejì kò wúlò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè bóyá ewéko ń yí padà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wá àmì àtijọ́ kiri.

FỌ́TÒ INÚ ÀPÓTÍ

Láàrin ọdún 1948 sí 1950, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń wá epo ilẹ̀ ní àríwá Alaska. Wọ́n ń ya fọ́tò ilẹ̀ náà láti inú ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n ya òkè, wọ́n ya àfonífojì, wọ́n ya odò. Epo ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ewéko. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, wọ́n kó àwọn fọ́tò náà pamọ́.

Ní nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan, Matthew Sturm, Charles Racine àti Ken Tape, mú àwọn fọ́tò àtijọ́ náà jáde. Ní ọdún 1999 àti 2000, wọ́n padà sí ibi kan náà. Wọ́n wá igun òkè kan náà àti ẹ̀kọ́rọ́ odò kan náà, wọ́n sì ya fọ́tò tuntun. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Òkè kò yí padà. Ṣùgbọ́n igbó kéékèèké ti pọ̀ sí i. Níbi tí igi kéékèèké mélòó kan wà tẹ́lẹ̀, ó ti di ìdí igbó ṣíṣù. Níbi tí kò sí igi rárá, igi ti ń hù. Ní ọdún 2001, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Ẹ wò ó: àwọn tó ya fọ́tò àkọ́kọ́ kò mọ̀ pé ẹ̀rí ni wọ́n ń kó pamọ́ fún àwọn ọmọ wọn.

KÍKA EWÉKO NÍ ÌPẸ̀KUN GÚÚSÙ

Ẹ jẹ́ ká fò lọ sí ìpẹ̀kun kejì, ní Àǹtákítíìkà. Ilẹ̀ yìí tóbi gan-an, síbẹ̀ irú ewéko abìlẹ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀ tí ń yọ òdòdó. Ọ̀kan jẹ́ koríko. Èkejì jẹ́ ewéko kékeré kan tó ṣù jọ bí ìrọ̀rí. Ìyókù jẹ́ ewé-ògiri, èépá-òkúta àti irú wọn.

Bí irú rẹ̀ bá jẹ́ méjì péré, kíkà rẹ̀ kò ṣòro púpọ̀. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ka iye ìdí koríko yìí ní erékùṣù kéékèèké kan níbẹ̀. Ní ọdún 1990, wọ́n tún un kà ní ibi kan náà. Ìdí koríko náà ti di nǹkan bí ìlọ́po 25.

Ní erékùṣù mìíràn tó ń jẹ́ Signy, wọ́n ṣe ìkàyè ní nǹkan bí ọdún 1960, wọ́n tún ṣe é ní ọdún 2009, wọ́n sì tún ṣe é ní ọdún 2018. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, wọ́n rí i pé bí koríko náà ṣe tàn ká láàrin ọdún mẹ́sàn-án ìkẹyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bí ó ṣe tàn ká ní nǹkan bí 50 ọdún tó ṣáájú dọ́gba.

Ṣé ooru nìkan ló fà á? Àwọn onímọ̀ náà kò sáré dáhùn. Ẹranko òkun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní síìlì, tí ń gun orí ilẹ̀ tí ó sì ń tẹ ewéko mọ́lẹ̀. Láàrin ọdún díẹ̀ yẹn, síìlì dín kù ní erékùṣù náà. Nítorí náà, wọ́n kọ ọ́ pé ooru wà níbẹ̀, àìsí síìlì náà sì ní ọwọ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń wá òótọ́ kì í fi ẹ̀rí tí kò bá a lára mu pamọ́.

ỌGBÀ IKE

Fọ́tò àti ìkàyè lè sọ fún wa pé nǹkan ti yí padà. Ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ dájú pé ooru ni ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tí à ń wí. Bí ẹ bá fi ajílẹ̀ sí gbogbo oko, tí oko náà ṣe dáadáa, ẹ kò mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ni tàbí òjò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ajílẹ̀ sí ebè kan, tí ẹ kò fi sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjò kan náà ló rọ̀ sórí méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí, ó ní ẹni tó ni ín.

Irú ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ lò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan pàdé ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń fi lẹ́tà mẹ́rin pè: ITEX. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé ibikíbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá wà ní ilẹ̀ òtútù, ọ̀nà kan náà ni kí gbogbo wọn fi máa ṣe ìdánwò.

Ohun tí wọ́n ń lò rọrùn. Ó jẹ́ ọgbà kékeré tí wọ́n fi ike ṣe, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ó sábà máa ń ní igun mẹ́fà. Ògiri rẹ̀ dà sínú díẹ̀, kò sì ní òrùlé. Oòrùn ń wọlé, òjò ń wọlé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù kò lè fẹ́ ooru inú rẹ̀ lọ. Kò nílò iná mànàmáná, kò nílò epo. Inú rẹ̀ sì máa ń móoru ju ìta lọ ní ìgbà ooru, ní ìwọ̀n dígírì kan sí mẹ́ta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sàmì sí ilẹ̀ mìíràn tó jọ ọ́, wọn kò sì fi ike yí i ká. Èyí ni ebè tí kò ní ajílẹ̀.

Ní Alexandra Fiord, ní erékùṣù kan ní òpin àríwá Kánádà, wọ́n ti gbé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láti ọdún 1992. Ó wà ní Alaska, ó wà ní Súwídìn, ó wà ní Nọ́wè, ó sì wà ní ibòmíràn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ewéko inú rẹ̀? Wọ́n ń lo férémù onígun mẹ́rin tí wọ́n ta okùn sí bí àwọ̀n ẹja. Ibi tí okùn ti bára pàdé lè tó 100. Wọ́n á gbé e sórí ewéko. Wọ́n á sì ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọlẹ̀ níbi ìpàdé okùn kọ̀ọ̀kan. Ewé tí ọ̀pá bá kàn, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n á tún kọ bí ó ṣe ga tó. Ẹ ro ó wò: ẹni kan kúnlẹ̀ nínú òtútù, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, ó ń ti ọ̀pá bọlẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ẹnì kejì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á padà wá tún un ṣe.

Ní ọdún 2006, wọ́n kó èsì ibi 11 jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú ọgbà ike, igi kéékèèké àti koríko ga sí i, wọ́n sì fẹ̀ sí i. Ewé-ògiri àti èépá-òkúta dín kù. Òjìji àwọn tó ga ti bo àwọn tó kúrú.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè sọ pé, "Inú ike nìyẹn. Ìta ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 2012, wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde nípa ilẹ̀ tí kò ní ike rárá. Ibi 46 ni wọ́n ti kó o jọ, láti ọdún 1980 sí 2010. Ní ìta náà, ewéko ti ga sí i, igi kéékèèké ti pọ̀ sí i, ilẹ̀ tó ṣófo sì ti dín kù. Ní ọdún 2018, wọ́n kó àkọsílẹ̀ ibi 117 jọ, wọ́n sì tún rí i pé ewéko ń ga sí i. Ẹlẹ́rìí méjì tí kò gbé inú ilé kan náà sọ ọ̀rọ̀ tó jọra.

ÌWÉ ỌJỌ́ ÒDÒDÓ

Gíga nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún ń wo ọjọ́. Ní Zackenberg, ní ìlà-oòrùn àríwá Greenland, àwọn onímọ̀ ń kọ ọjọ́ tí òdòdó kọ́kọ́ là sílẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n ń kọ ọjọ́ tí kòkòrò yọ àti ọjọ́ tí ẹyẹ yé ẹyin. Nígbà tí wọ́n wo ọdún 1996 sí 2005, wọ́n rí i pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá pín in dọ́gba, ó fi nǹkan bí ọjọ́ 14 yá láàrin ọdún mẹ́wàá.

Ẹ lè ní, "Kí ló burú nínú pé òdòdó yá?" Òdòdó àti kòkòrò dà bí ọlọ́jà àti oníbàárà. Bí ọjọ́ ọjà bá yí padà, tí oníbàárà kò gbọ́, ọjà á bàjẹ́. Ní ọdún 2013, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Zackenberg kọ ọ́ pé àsìkò òdòdó ti kúrú sí i, kòkòrò tí ń bà lé òdòdó sì ti dín kù.

OJÚ TÓ WÀ LÓKÈ

Ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè dé gbogbo Àkítíìkì. Láti ọdún 1972, Amẹ́ríkà ti ń rán àwọn sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ Landsat sójú ọ̀run. Sátẹ́láìtì jẹ́ ẹ̀rọ tí ń yí ayé po láti òkè. Ewé tútù a máa gba irú ìmọ́lẹ̀ kan mu, a sì máa dá irú mìíràn padà. Sátẹ́láìtì ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó padà yìí, wọ́n sì ń fi mọ bí ilẹ̀ ṣe tutù yọ̀yọ̀ tó. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ibi ní Àkítíìkì ti ní ewé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi. Àwọn ibì kan ti rọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2007 ní àríwá Súwídìn àti Nọ́wè lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ooru dé láìròtẹ́lẹ̀ láàrin ìgbà òtútù. Yìnyín tó bo ewéko yọ́. Yìnyín yìí, bí ó tilẹ̀ tutù, òun ni aṣọ tí ń dá ààbò bo ewéko lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tó tutù jù ú lọ. Kò pẹ́, òtútù padà dé, ó bá ewéko ní ìhòòhò. Nígbà tí ìgbà ooru dé, ewéko ti kú tàbí ti gbẹ ní ilẹ̀ tó ju kìlómítà 1,400 níbùú lóròó lọ. Sátẹ́láìtì rí i. Àwọn onímọ̀ sì ti gbé iná tí ń mú ooru jáde kọ́ sórí ewéko ní Abisko ní Súwídìn ní ìgbà òtútù, láti dán irú nǹkan yìí wò. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí ewéko abẹ́ iná náà.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ooru ń ran ewéko lọ́wọ́ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2025, ìwádìí kan wo 2,174 ilẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ti sàmì sí káàkiri Àkítíìkì, láti ọdún 1981 sí 2022. Ní àwọn ibì kan, irú ewéko pọ̀ sí i. Ní àwọn ibòmíràn, ó dín kù. Níbi tí igi kéékèèké ti pọ̀ jù, irú àwọn yòókù sábà máa ń dín kù.

KÍ LÓ KÀN WÁ?

Àwọn Sámi ló kọ́kọ́ kàn. Bí èépá-òkúta bá dín kù, oúnjẹ àgbọ̀nrín dín kù. Àwọn ènìyàn yìí kọ́ ló jó èédú àti epo tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wọn ni wàhálà ti kọ́kọ́ kàn.

Lẹ́yìn náà, ó kan gbogbo ayé. Inú ilẹ̀ dídì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, òkú ewéko àti gbòǹgbò ti ń kó jọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Òtútù kò jẹ́ kí wọ́n jẹrà, bí ẹran inú firíìjì. Kábọ́nì tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú gbogbo afẹ́fẹ́ ayé. Bí ilẹ̀ náà bá yọ́, òkú ewéko á jẹrà, gáàsì rẹ̀ á sì jáde. Afẹ́fẹ́ kò mọ ẹnu ibodè, kò sì ní dúró ní Àkítíìkì. Ewéko tó ń hù lókè ilẹ̀ náà wà lára ohun tí ń pinnu bí ilẹ̀ yóò ṣe yára yọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ara balẹ̀ kà á, ewé lẹ́yìn ewé.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà méjì tí ń jiyàn. Ohun tí ì bá parí ìjà wọn ni ìwé kan tí ẹnì kan ti ń kọ ọjọ́ òjò sí láti ìgbà èwe wọn. Ìwé náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ọdún kan. Ọwọ́ kan náà ni a gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́ lọ́dọọdún: ọjọ́ náà, ibi náà, ohun tí ojú rí. A kò gbọdọ̀ pa èyí tí kò wù wá rẹ́. Nígbà tó bá rẹ ẹni tó ń kọ ọ́, kó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ fi ìwé kan sọ́tọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ọjọ́ tí ẹ gbin àgbàdo, ọjọ́ tí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé yọ òdòdó. Ní ọdún àkọ́kọ́, yóò dà bí iṣẹ́ ọmọdé. Ní ọdún kẹwàá, àwọn àgbà yóò máa rán ọmọ wá bi yín léèrè.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ OLÙKÀWÉ

1. Kí nìdí tí wọ́n fi fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ láìfi ike yí i ká?
2. Kí ni yìnyín ń ṣe fún ewéko ní ìgbà òtútù?
3. Kí ni àwọn onímọ̀ kọ nípa síìlì ní erékùṣù Signy? Kí nìdí tí wọn kò fi fi í pamọ́?
4. Ní abúlé yín, ohun wo ni ẹ rò pé ó ti yí padà? Àkọsílẹ̀ wo ni yóò jẹ́rìí sí i?